Kí Ẹran Màlúù Nàìjíríà Tó Dé Òkè Òkun

Oṣù Keje ọdún 2024 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinubu kéde ìdásílẹ̀ ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí yóò máa mójú tó ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn. Láti ìgbà náà, títa ẹran màlúù Nàìjíríà sí òkè òkun kò kúrò lẹ́nu àwọn aláṣẹ. Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn tó polówó ọjà, ó yẹ kí ó mọ ohun tí oníbàárà yóò béèrè.

Àwọn ìyá ní Ẹ̀rìn-Ilé mọ díẹ̀ nínú rẹ̀. Bí ọmọ bá wálé ṣọdún, tí ó sì ń padà sí London, ó ń wu ìyá láti di ẹran díndín mọ́ ẹrù rẹ̀. Gàrí lè kọjá, èlùbọ́ lè kọjá. Ẹran kò gbọdọ̀ kọjá. Àwọn aṣọ́bodè Gẹ̀ẹ́sì yóò gbà á. Kì í ṣe pé ẹran náà kò dùn. Àrùn ni wọ́n ń sá fún.

Èyí tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wọ́n jù ni àrùn ẹnu àti pátákò. Kì í sábà ṣe ènìyàn ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n bí ó bá wọ agbo màlúù, kíá ni yóò ràn. Egbò yóò yọ lẹ́nu àti láàárín pátákò, itọ́ yóò máa dà, oúnjẹ kò ní ṣeé jẹ. Nàìjíríà kò tíì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ó yọjú lára ẹfọ̀n oko kan nítòsí Berlin ní Oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò wojú Jámánì kí ó tó ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹran tútù rẹ̀. Ta wá ni yóò wojú Nàìjíríà?

Síbẹ̀, àwọn aláwọ̀ dúdú kan ti rí i ṣe. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí Botswana ti ń ta ẹran láti Lobatse sí Yúróòpù. Wọ́n fi ọgbà onírin ya màlúù sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ ẹfọ̀n igbó, wọ́n sì fi àmì ìdánimọ̀ sára màlúù kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ìlànà náà mẹ́hẹ lọ́dún 2011, ọjà dúró. Ní ti Namibia, nǹkan bí ọdún méjìdínlógún ni wọ́n fi ń kan ilẹ̀kùn Amẹ́ríkà, kí tọ́ọ̀nù 25 àkọ́kọ́ tó lọ ní Oṣù Kejì ọdún 2020.

Nàìjíríà ní màlúù tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 20, ṣùgbọ́n iye kọ́ ni oníbàárà ń béèrè. Màlúù tí alápatà Ẹ̀rìn-Ilé bá pa lónìí lè ti Niger tàbí Chad wá, kí ó ti gba ọwọ́ alágbàtà mẹ́ta kọjá. Ta ni yóò sọ ibi tí wọ́n bí i sí, tàbí abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ó gbà? Ìpolówó kò lè dáhùn ìyẹn. Lọ́dún 2015, Yúróòpù fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ Nàìjíríà nítorí oògùn kòkòrò tó pọ̀ nínú rẹ̀. Ohun tí àjèjì kọ̀, ará ilé ń jẹ ẹ́ lọ.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ilé là á tií kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí ìjọba fi dókítà ẹranko sí odò ẹran gbogbo, kí omi tó mọ́ máa ṣàn níbẹ̀, kí abẹ́rẹ́ àjẹsára dé gáà àwọn darandaran. Bí òkè òkun kò bá tilẹ̀ ra kílò kan, ọmọ Ẹ̀rìn-Ilé tí ń jẹ ẹran náà pẹ̀lú àmàlà ti jèrè ná.