Ihò tí Ibà ń Dá sí Ìfun

Ọmọ tí táífọ́ọ̀dù bá ti dá ìfun rẹ̀ lu, nọ́ọ̀sì tíátà á ti mọ̀ kí wọ́n tó gbé e dé orí tábìlì. Á dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, á ká orúnkún kò, kò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fara kan bẹ́ẹ̀dì òun. Ojú á ti jìn wọnú, ètè á ti bó, ikùn á wú, á sì le gbagidi. Bí òsúkè bá tún gbé e, ọkàn mi kì í balẹ̀. Ìyá rẹ̀ á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Sístà, kò yàgbẹ́, kò tiẹ̀ só láti ìjẹta." Èmi á ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá. Ọjọ́ wo ni ibà yẹn bẹ̀rẹ̀? Ìgbà wo ni inú rírun náà ṣàdédé le?" Ìbéèrè méjèèjì yìí ni àwọn ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ fi lé mi lọ́wọ́, mi ò sì tíì rí èyí tó jù wọ́n lọ.

Kòkòrò Salmonella Typhi ló ń ṣe é. Ẹnu ló ń gbà wọlé, látinú omi tàbí oúnjẹ tí ìgbẹ́ ẹni tó ní in ti kàn. Apá ìparí ìfun kékeré ló máa ń dá egbò sí, tó bá sì di ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta, egbò náà lè jẹ ìfun já. Ohun tó yẹ kó gba inú ìfun lọ á wá máa dà sínú ikùn.

Àwọn ọ̀gá wa bá ìgbà tí àríyànjiyàn ṣì wà lórí bóyá ó yẹ kí wọ́n la irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Láti 1948 tí chloramphenicol ti wọ ìtọ́jú táífọ́ọ̀dù, ẹ̀rù ibà náà ti dínkù, ṣùgbọ́n oògùn kì í rán ihò. Síbẹ̀, R. L. Huckstep, tó tọ́jú táífọ́ọ̀dù ní Kẹ́ńyà, ṣì gbà ní 1960 pé oògùn àti omi sàn fún ọ̀pọ̀ wọn ju ọ̀bẹ lọ, torí pé ara wọn ti rẹ̀ jù. Ní 1972, Olurin, Ajayi àti Bohrer ti Ìbàdàn tẹ àpilẹ̀kọ tiwọn jáde lórí ihò yìí. Lónìí, wọ́n kì í jiyàn rẹ̀ mọ́ ní tíátà: a gbọ́dọ̀ là á.

Lójú tèmi, wákàtí díẹ̀ tó ṣáájú ọ̀bẹ ló yí padà jù lọ. A ó fa omi iyọ̀ sí i lára, a ó ki rọ́bà bọ imú rẹ̀ dé inú láti fa èyí tó ń rú sókè jáde, a ó fi òmíràn gba ìtọ̀, a ó sì máa ṣọ́ ìtọ̀ náà. Bí kò bá tíì máa wá dáadáa, tíátà ò yá. Àwọn mọ̀lẹ́bí a máa bínú pé a kàn ń wo ọmọ àwọn. Mo mọ ìdí tí inú fi ń bí wọn, ṣùgbọ́n ọmọ tí omi ti gbẹ lára rẹ̀ lè kú sójú oorun tí a kùn ún kí ọ̀bẹ tó kàn án.

Bí a bá ṣí ikùn, òórùn á gba gbogbo yàrá. Ọyún àti ìgbẹ́ olómi ló máa kọ́kọ́ dà jáde. Ihò náà kì í sábà ju bọ́tìnì ẹ̀wù lọ. Ó lè ju ẹyọ kan lọ, nítorí náà dókítà á fọwọ́ yẹ ìfun wò láti òkè dé ìsàlẹ̀. Á gé etí ihò náà, á rán an. Bí wọ́n bá pọ̀ jù, á gé apá ibẹ̀ sọnù, á so ìyókù pọ̀. Omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ niṣẹ́ tèmi: mò ń gbé e wá, wọ́n ń dà á síkùn, wọ́n ń fà á jáde, títí èyí tó ń jáde á fi mọ́. Iṣẹ́ yìí ò gba ìkánjú.

Ẹ̀yìn rírán ni ìjà wà. Ojú abẹ lè kẹ̀, ikùn lè já, ìfun tí a rán lè tún ṣí kí ìgbẹ́ máa gba awọ jáde, kí ọmọ sì máa rù lójú ẹni. Èyí tó tètè dé sábà máa ń lọ sílé lẹ́sẹ̀ ara rẹ̀. Èyí tó pẹ́, dókítà kan náà àti òwú kan náà lè má gbà á là. Kẹ́míìsì á ti gún un lábẹ́rẹ́, ẹnìkan á ti ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, wọn á ti fún un ní àgbo tó ń mú ni yàgbẹ́, wọn á sì dé ilé ìwòsàn kan tó ní kí wọ́n lọ wá owó wá ná. Èyí ìkẹyìn yẹn ló ń dùn mí jù: bàbá ń sáré owó kiri, ìgbẹ́ ń dà síkùn ọmọ.

Kì í ṣe ibà nìkan ló ń dá irú ihò bẹ́ẹ̀. Ní ti àgbàlagbà, ọgbẹ́ inú ló sábà ń lu, pàápàá lára ẹni tó ń gbé oògùn ara ríro bíi diclofenac mì lójoojúmọ́. Ọ̀rá tó bo ìfun la fi ń dí i, bí Roscoe Graham ti Kánádà ṣe ṣàlàyé rẹ̀ ní 1937. Barry Marshall àti Robin Warren, ará Ọsirélíà tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2005, ló jẹ́ ká mọ̀ pé kòkòrò ló ń fa ọ̀pọ̀ ọgbẹ́ yìí, nítorí náà a tún ń fún wọn ní oògùn tó ń pa kòkòrò lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ.

Ní ti táífọ́ọ̀dù, àjẹsára tó ṣeé fún ọmọ ọwọ́ ti wà. Làìbéríà ló kọ́kọ́ fi í kún àjẹsára àwọn ọmọ rẹ̀ ní Áfíríkà, ní 2021. Ṣùgbọ́n àwọn òbí tó bá bi mí léèrè ohun tí wọ́n máa ṣe kí àbúrò aláìsàn má bàa tẹ̀ lé e wá, ìdí kànga ni mo máa ń rán wọn lọ ná, kí wọ́n wo bí ṣálángá ṣe sún mọ́ ọn tó, kí wọ́n sì máa se omi kí ọmọ tó mu ún.