Ẹ Jẹ́ Kí Ìyá Ìkókó Sùn

Lóṣù tó kọjá, alátá kan gbé ìkókó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wá sọ́dọ̀ mi. Ó ní, "Bàbá, ẹkún ni mò ń sun ṣáá. Ẹ bá mi wò ó, ta ló ń bá mi jà?" Mo bi í ìgbà tó sùn gbẹ̀yìn. Kò lè sọ.

Kí n tó mú ọ̀pẹ̀lẹ̀, ìyàwó mi gba ọmọ, ó fún un lẹ́kọ gbígbóná. Ó sùn títí di ọ̀sán. Mo wá ní láràárọ̀, kó gbé ọwọ́ lé orí, kó mí kanlẹ̀, kó kí Orí rẹ̀. Ìyẹn ò gba kọ́bọ̀. Mo sì ní kó lọ rí nọ́ọ̀sì, torí ẹkún tó bá kọjá ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìbímọ lè jẹ́ àìsàn.

Wọ́n ní ojú kan ní ń bímọ, igba ojú ní ń wò ó. Lọ́jọ́ ìkómọ, igba ojú pé. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ilé ti dá. Ẹ dín ìrẹsì ìkómọ kù, ẹ fowó yẹn bọ́ ìyá. Ẹ lọ bá a fọ aṣọ, ẹ bá a gbé ọmọ, kó lè sùn.

Kí Orí gbè wá o.