Náílọ́ọ̀nù Tó Dán Jù

Ọ̀gá tí mo kọ́ṣẹ́ náílọ́ọ̀nù lọ́dọ̀ rẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìka ló fi ń dán iṣẹ́ wò. Ẹ̀rọ á yọ́ hóró ike, á fẹ́ ẹ sókè gbọọrọ, rólà méjì á tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ. Ọ̀gá á gé díẹ̀ níbẹ̀, á fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là ra ẹnu rẹ̀. Bí ó bá là, iṣẹ́ ń lọ. Bí ó bá lẹ̀ mọ́ra pinpin, á ní, "Ó ti dán jù."

Ṣé ohun tó ń dán kọ́ ló ń yọ̀ ni? Lára náílọ́ọ̀nù, kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ojú méjì tó ń dán bá pàdé, afẹ́fẹ́ kì í ráyè wọ àárín wọn, wọn a sì dì mọ́ra. Kókó wẹ́wẹ́ tí ojú kò lè rí là ń wá, kó jẹ́ orí kókó nìkan ni wọ́n á ti máa kanra, bí ẹní tí a tẹ́ sórí òkúta wẹ́wẹ́.

Ìyẹ̀fun sílíkà, ọmọ ìyá yanrìn, la fi ń ṣe é. Hóró rẹ̀ kì í ju máíkírọ́ọ̀nù díẹ̀ lọ. Irun orí èèyàn tó nǹkan bí 70. A kì í wọ́n ọn sójú náílọ́ọ̀nù o. Inú masterbatch, ìyẹn hóró ike tí a ti po èròjà púpọ̀ sínú rẹ̀, tí a pò mọ́ ike ló ń bá wọlé, bí náílọ́ọ̀nù bá sì ṣe ń tutù ni kókó ń yọrí.

Erucamide, èyí tí wọ́n ń rí lára epo rapeseed, ni èròjà kejì tí a ń pò mọ́ ike, kí náílọ́ọ̀nù lè máa yọ̀. Òun kì í kánjú. Ńṣe ló ń rọra jáde láti inú ike wá sójú, ó sì lè gba odidi ọjọ́ kan. Ìdí nìyẹn tí náílọ́ọ̀nù tó ń fà lọ́wọ́ lónìí fi lè máa yọ̀ lọ́la. Ọmọ iṣẹ́ tí kò ní sùúrù á ti bù kún un. Tó bá di ọjọ́ kejì, íǹkì kò ní mú un mọ́. Sílíkà náà ní tirẹ̀: bí ó bá pọ̀ jù, náílọ́ọ̀nù á ṣú, oníbúrẹ́dì tó fẹ́ kí ọjà rẹ̀ hàn kedere kò sì ní gbà á.

Ní tèmi, ọ̀rọ̀ ooru ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ọmọ iṣẹ́. Bí náílọ́ọ̀nù bá ṣì gbóná nígbà tó dé abẹ́ rólà, kò sí iye sílíkà tó lè là á. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ yìí, kí ẹ tó bu masterbatch kún un, ẹ kọ́kọ́ yẹ ẹ̀rọ atẹ́gùn tó ń mú un tutù wò.