Dọ́là Kan, Ìbò Kan

Láti pápákọ̀ òfurufú Cincinnati, tó jẹ́ pé ilẹ̀ Kentucky gan-an ló wà, mọ́tò kì í pẹ́ dé Rabbit Hash. Ọ̀nà náà tẹ́ẹ́rẹ́, ó lọ́ bí ejò, ṣùgbọ́n a ò já sí kòtò kankan. Ẹni tó bá ti gba Ifẹ̀ lọ sí Ìbàdàn rí á mọ ìdí tí mo fi dárúkọ kòtò.

Ilé mélòó kan ni gbogbo abúlé náà, létí odò Ohio. Ìsọ̀ onípákó tí wọ́n ti kọ́ láti 1831 ni ojú ìlú. Obìnrin tó ń tajà níbẹ̀ ló ka àwọn méyọ̀ wọn fún wa: Goofy ló kọ́kọ́ wọlé, lọ́dún 1998, Junior tẹ̀ lé e, lọ́dún 2004, ó kan Lucy Lou, abo àkọ́kọ́ tó dépò náà. Ajá ni gbogbo wọn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi bi wọ́n, ṣé ajá ń gbowó oṣù ni?" Àbúrò mi tó wà wá dé ibẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀.

Kò gbà á. Lábẹ́ òfin, Rabbit Hash kì í ṣe ìlú tó dá dúró. Ìjọba Boone County ló ń ṣàkóso rẹ̀. Ipò tí kò sí ni wọ́n ń du! Lọ́dún 2008, ológbò jáde, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ jáde, èèyàn kan náà sì jáde. Èèyàn fìdí rẹmi.

Wọn kì í fi ọ̀rọ̀ owó bò rárá. Dọ́là kan ni ìbò kan, ẹni tó bá lágbára lè ra ẹgbẹ̀rún. Wilbur, ajá onímú pẹlẹbẹ, ní ìbò 13,143 nínú 22,985 lọ́dún 2020. Ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú àwọn ilé àtijọ́ abúlé náà ló ń gbowó ọ̀hún, ìsọ̀ yìí náà sì wà lára wọn. Iná jó o ní February 2016, wọ́n sì tún un kọ́.

Nígbà ìbò gómìnà Èkìtì ní 2018, "dìbò kóo sebẹ̀" ló gba ìgboro kan. Olóṣèlú tó fún èèyàn lówó ọbẹ̀ á wá ibi tí yóò ti rí i gbà padà. Níbí, olùdìbò ló ń sanwó, ẹni tó wọlé ò sì ní kọ́ńtíráàtì kankan láti pín fáwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Egungun ló ń wá.

Àbúrò mi bèèrè bóyá àlejò lè dìbò. Obìnrin náà ní ẹnikẹ́ni ni. Ó ti ń yọ owó lápò kó tó gbọ́ pé kò sí ìbò lọ́dún yẹn, ló bá fi ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò.