Agolo Sàdíìnì

Bí ìyá mi bá ń da ẹja inú agolo sàdíìnì sórí ìrẹsì, ọwọ́ rẹ̀ la máa ń wò, kì í ṣe ẹja. Ẹni tó bá kọ́kọ́ pariwo pé "Tèmi ni!" ló ni agolo. Bàbá kò ní béèrè rẹ̀, ìyá kò ní béèrè rẹ̀.

Mọ́tò ni mo máa ń fi ṣe. Màá fi ìṣó àti òkúta lu ihò méjì sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, màá ki sípóòkù kẹ̀kẹ́ bọ̀ ọ́. Ara sílípáàsì tó ti já la ti ń gé táyà. Màá dojú ìdérí ìgò dé e, màá fi bírò yí i po, kí n tó yọ́ ọ̀bẹ ìyá mi mú. Nínú mẹ́rin, ọ̀kan kì í rí róbótó láéláé, nítorí náà mọ́tò mi máa ń tiro. Màá so òwú mọ́ ọn nímú, màá wọ́ ọ káàkiri Àgbówà, màá máa pèrò: "Ìtóìkin! Ìkòròdú! Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!" Àpá ibi tí agolo ti gé mi ṣì wà ní àtàǹpàkò òsì mi.

Nígbà tí wọ́n ní ká mú iṣẹ́ ọwọ́ wá sílé ìwé, mọ́tò yẹn ni mo gbé lọ. Tíṣà wò ó, ó wò mí, ó ní òun kò ní kí n kó ìdọ̀tí wá. Mo gba máàkì mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Ẹni tí màmá rẹ̀ ra agbọ̀n tuntun lọ́jà gba mẹ́sàn-án. (Agbọ̀n yẹn àti gbogbo ìgbálẹ̀ tí a kó wá, ilé ta ni wọ́n gbà lọ? Ká fi ìyẹn sílẹ̀.)

Máàkì yẹn kò dùn mí mọ́ látọjọ́ tí mo ti kà nípa El Anatsui. Ọmọ Gánà ni, ó dé Nsukka ní 1975 láti máa kọ́ni ní yunifásítì. Nígbà tó yá, ó rí àpò kan tó kún fún ìdérí ìgò ọtí tí wọ́n dà nù, ó gbé e wálé. Òun àti àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìdérí pẹlẹbẹ, wọ́n ń fi wáyà bàbà rán wọn pọ̀ títí ó fi di aṣọ ńlá tó ń dán lára ògiri. Ní 2015, ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà Venice fún un ní àmì ẹ̀yẹ Kìnnìún Wúrà. Èmi kò sọ pé mọ́tò mi jọ iṣẹ́ rẹ̀ o. Àpò tí ẹnikẹ́ni kò wá béèrè yẹn ni mo dá mọ̀.

Nísinsìnyí, wọ́n ń béèrè. Lọ́dún tó kọjá tí mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Àgbówà, ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán tí oníkóńdẹ́ẹ̀mù fi ń ti ọmọlanke kọjá: irin, agolo, ike, kílò kílò ló ń rà á. Ní Ajégúnlẹ̀, Morit International School gba ike òfìfo lọ́wọ́ òbí dípò owó ilé ìwé. Ó dára. Ẹni tó bá ti rí bí ike ṣe ń dí gọ́tà lásìkò òjò kò ní bá wọn jiyàn.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, nawọ́ sí ike méjì nínú àpò tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná. Màmá rẹ̀ kò tilẹ̀ gbójú sókè nídìí ata tó ń lọ̀.

"Fi í lẹ̀. Wọ́n ń bọ̀ wá wọ̀n ọ́n."

Ó fi í lẹ̀. Ó yí ẹ̀yìn ilé po, ó mú sílípáàsì ẹlẹ́sẹ̀ kan tó ti já dé. Kò tíì sẹ́ni tó ń ra ìyẹn. Ó gé imú rẹ̀ ṣóńṣó, ó ki ẹyọ ìgbálẹ̀ mẹ́ta bọ àárín rẹ̀, ó fi náílọ́ọ̀nù píọ́ wọ́tà ta ìgbòkun. A jọ lọ sétí omi. Atẹ́gùn gbé ọkọ̀ náà díẹ̀, ó dojú dé. Ó yọ ọ́, ó gbọn omi ara rẹ̀ dànù, ó tún gbé e lé omi. Ó tún dojú dé.

Ó dúró, omi mù ún dé orúnkún.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹyọ kan tó jẹ́ ló fà á. Téèyàn bá so méjì pọ̀, kò lè dojú dé."

Mo ní òótọ́ ni. Ẹsẹ̀ mi ló ń wò.