Ìsinmi Nọ́ọ̀sì

Ilẹ̀ á ti mọ́ dáadáa kí nọ́ọ̀sì tó ṣiṣẹ́ mọ́jú ní ilé ìwòsàn ńlá Treichville tó kọjá afárá ọ̀sà lọ sílé ní Yopougon. Bí ó bá jẹ́ ọkùnrin (nọ́ọ̀sì ọkùnrin kò ṣọ̀wọ́n ní Abidjan), yóò wẹ̀, yóò jẹun, yóò sùn. Bí ó bá jẹ́ obìnrin, aṣọ iṣẹ́ nìkan ni yóò bọ́. Omi ìwẹ̀ ọmọ, ọjà àti ọbẹ̀ ọ̀sán ti ń dúró dè é.

Òfin ìgbéyàwó ọdún 1964 fi ọkọ ṣe olórí ẹbí. Òfin oṣù Kìíní ọdún 2013 ní kí tọkọtaya jùmọ̀ máa darí ilé. Àríyànjiyàn lórí rẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀ tí Ààrẹ Ouattara fi tú ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà rẹ̀ ká ní oṣù Kọkànlá ọdún 2012. Síbẹ̀, òfin náà kò sọ ẹni tí yóò máa dáná.

Ẹni tó ń gba nọ́ọ̀sì obìnrin sílẹ̀ ni ọmọdébìnrin tí a mú wá láti ìgbèríko. Òun ló ń fọ abọ́, òun ló ń pọn ọmọ, kí ìyá ilé tó lè sùn fún wákàtí mélòó kan. Èyí kò ṣàjèjì sí àwọn ará Èjìgbò tí wọ́n ti ń gbé Abidjan láti ìran dé ìran. Òfin iṣẹ́ ọdún 2015 kò fàyè gba kí a gba ọmọ tí kò pé ọdún 16 síṣẹ́, ṣùgbọ́n ọmọ ìbátan ni wọ́n ń pè é nínú ilé. Wọn kì í pè é ní òṣìṣẹ́.