Pupa Inú Ìwé, Pupa Ojú

 

Lẹ́tà báǹkì kan dé ilé ìyá kan ní Peckham níbí. Ọmọ rẹ̀ kà á, ó ní, "Mọ́mì, wọ́n ní ẹ ti wà ní 'in the red'." Ìyá ní, "Pupa bíi ti ẹ̀jẹ̀ kẹ̀?" A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ẹ̀rín.

Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mò ń ṣe, ẹ jẹ́ kí n tú u. Kí kọ̀ǹpútà tó dé, tàdáwà dúdú làwọn akọ̀wé fi ń kọ iye owó tó wà nílẹ̀. Èyí tó bá wọ gbèsè, wọ́n á fi pupa kọ ọ́, kí ojú lè tètè rí i. Ibẹ̀ ni "in the red" ti di gbèsè lẹ́nu Òyìnbó.

Àwa náà mọ pupa. Ojú lè pọ́n nítorí eruku tàbí Àpólò, ṣùgbọ́n tí àgbàlagbà bá ní "ojú ń pọ́n mi", ìyà ló ń sọ. Inú rẹ̀ la ti rí "ìpọ́njú". Òyìnbó fi pupa tiwọn sínú ìwé, àwa fi tiwa sójú. Ti inú ìwé ló sì ń kọ́kọ́ dé. Bí a kò bá kà á, ó di ti ojú.

Àwọn kan ti gbé lẹ́tà wá bá mi, ọ̀rá kún, wọn ò ṣí ẹyọ kan. Ìtìjú ni. Bẹ́ẹ̀ wọ́n ń ra aṣọ ẹbí, wọ́n ń fowó ránṣẹ́ sílé. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá o! Láti oṣù kẹrin ọdún 2020, èlé nìkan ni báǹkì lè gbà lórí overdraft, kò sí owó ojoojúmọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ báǹkì gbé èlé náà sí nǹkan bíi 40 nínú 100 lọ́dún.

Láyé àtijọ́, gbèsè bàbá lè sọ ọmọ di ìwọ̀fà. Lónìí, ọ̀nà wà. Ọ̀fẹ́ ni ìmọ̀ràn Citizens Advice. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2021 ni òfin "Breathing Space" ti wà: bí ọ̀rọ̀ yín bá yẹ, agbaninímọ̀ràn lórí gbèsè lè gba ọgọ́ta ọjọ́ fún yín, tí ọ̀pọ̀ olówó kò ní lè yọ yín lẹ́nu tàbí fi èlé kún un.

Ẹ ṣí lẹ́tà yín o. Ojú wa kò ní pọ́n. Àṣẹ.